Ẹ̀ẹ̀kejì Rèé

Ní ọdún 2009 ni wọ́n gé ọmú òsì ìyá mi. Ẹni ọdún 58 ni wọ́n nígbà náà, aṣọ ni wọ́n ń tà ní Òmù-Àrán. A kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Iṣẹ́ abẹ kékeré là ń pè é létí aládùúgbò, nítorí lọ́dọ̀ wa ní Ìgbómìnà, tí a bá ti dárúkọ jẹjẹrẹ, ojú òkú ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi wo èèyàn. Ọdún mẹ́rìnlá kọjá, a dúpẹ́ títí, a gbàgbé. Àfi bó ṣe di ọdún 2023 tí wọ́n tún fọwọ́ kan kókó líle kan ní ọmú ọ̀tún. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò n'Ílọrin. Jẹjẹrẹ ni.

Dókítà ṣàlàyé pé ọ̀nà méjì ni irú èyí máa ń gbà wá. Ti àtijọ́ lè sá pamọ́ sínú ara kó tún yọjú níbòmíràn. Ó sì lè jẹ́ òmíràn pátápátá tí kò bá ti àkọ́kọ́ tan. Òmíràn pátápátá ni ti Màmá, ó ní ìyẹn dára díẹ̀. Ta ló fẹ́ gbọ́ "dára díẹ̀"? Lẹ́ẹ̀kíní, a kò mọ ohun tí à ń lọ bá. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, Màmá mọ gbogbo rẹ̀: oògùn tí í mú irun re, èébì òru, ẹnu tí kò mọ adùn ọbẹ̀ mọ́. Wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ó tó gẹ́ẹ́. Mi ò ṣe mọ́."

Èmi kọ́ ni mo yí wọn lọ́kàn padà, kì í sì í ṣe dókítà. Obìnrin kan tó jókòó tì wá lórí bẹ́ǹṣì ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ará Ọ̀fà. Ó gbọ́ ohun tí Màmá sọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni tèmi náà. Ẹ wá, ẹ fọwọ́ kàn án." Ó mú ọwọ́ ìyá mi, ó fi lé àyà ara rẹ̀ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Mo yí ojú kúrò. Kí n tó yí i padà, àwọn méjèèjì ti ń sunkún, wọ́n sì ti ń béèrè iye ọmọ ara wọn.

Ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí: ta ló tiẹ̀ kọ́kọ́ ronú pé kí aláìsàn máa lọ bẹ aláìsàn wò?

Ìwádìí náà gbé mi dé New York. Ní ọdún 1952, wọ́n gé ọmú obìnrin kan tí ń jẹ́ Terese Lasser níbẹ̀. Àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún un bí yóò ṣe máa gbé apá sókè, irú ẹ̀wù tí yóò wọ̀, tàbí ohun tí yóò wí fún ará ilé. Ni obìnrin yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, ó ń bá àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé tiwọn sọ̀rọ̀. Inú àwọn dókítà kan kò dùn sí i rárá. Kò dá wọn lóhùn. Ní ọdún 1969, American Cancer Society gba iṣẹ́ náà mọ́ra, Reach to Recovery ni orúkọ rẹ̀. Lasser kú ní ọdún 1979.

Ẹ má rò pé gbogbo ẹni tí wọ́n bẹ̀ wò ló dúpẹ́ o. Wọ́n gé ọmú Audre Lorde, akéwì adúláwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1978. Obìnrin tó wá bẹ̀ ẹ́ wò gbé ọmú àtọwọ́dá wá kí ó fi dí àlàfo. Ìyẹn kọ́ ló ń fẹ́. Ọ̀rọ̀ ló ń fẹ́, láti ẹnu obìnrin tó rí bíi tirẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé The Cancer Journals ní ọdún 1980, kò sì fi bò. Ní ọdún 1984, wọ́n rí i pé jẹjẹrẹ ti dé ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ó tún lo nǹkan bí ọdún mẹ́jọ, ó ń kọ̀wé, kó tó kú ní ọdún 1992.

Nílé wa ńkọ́? UCH n'Íbàdàn ti ń kọ iye àwọn tí jẹjẹrẹ ń ṣe sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Kíkà ni wọ́n ń kà wá. Ó di ọdún 1997 kí Betty Anyanwu-Akeredolu, ọmọ Emeabiam ní ìpínlẹ̀ Imo tó fẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀, tó rí jẹjẹrẹ lọ́mú ara rẹ̀, tó sọ ọ́ síta gbangba, tó sì dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ lọ́dún náà. Ẹ wò ó, ọdún méjìlá lẹ́yìn ìyẹn, àwa ṣì ń pè é ní iṣẹ́ abẹ kékeré! Ọkọ rẹ̀, Rotimi Akeredolu, di gómìnà Oǹdó ní ọdún 2017. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ó kú ní Jámánì. Jẹjẹrẹ ni, ti prostate. Ẹ̀ẹ̀kejì máa ń gba ọ̀nà tí èèyàn kò fojú sí wọlé.

Màmá gbà láti tún bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ bàbá mi kan la tà. Èkó la lọ fún ìtànṣán, níbi ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n ṣí ní LUTH ní ọdún 2019. Tíṣà ará Ọ̀fà ń pè wọ́n lórí fóònù lálaalẹ́. Mo máa ń fetí kọ́ ọ, kò jọ ọ̀rọ̀ ìtùnú rárá: kí wọ́n fi omi oníyọ̀ fọ ẹnu, kí wọ́n má jẹ́ kí ìyàwó ọmọ gba ìdáná lọ́wọ́ wọn, ta ló kú, ta ló bímọ.

Lọ́jọ́ kan tí à ń ti Ílọrin bọ̀, Màmá ní kí a yà sí Èsìé, ìlú ìyá wọn. Ẹ mọ àwọn ère òkúta ibẹ̀, tó ju 800 lọ, tí Ramshaw, alábòójútó ilé ìwé CMS, jẹ́ kí ayé gbọ́ nípa wọn ní ọdún 1933, tí wọ́n sì ṣí mùsíọ́mù fún ní ọdún 1945. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti kán. Màmá dúró pẹ́ níwájú ọ̀kan tí kò lórí mọ́, tó ṣì jókòó síbẹ̀ lórí àpótí rẹ̀. "Wò ó," wọ́n ní, "ẹni yìí ò dìde." Wọ́n ní kí n wá lọ, oòrùn ń pa wọ́n.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fóònù dún nígbà tí à ń jẹun. Ìyàwó ilé kan ni, ọmọ ọdún 39, tíṣà ló fún un ní nọ́ńbà. Màmá gbé àmàlà tì. "Ọmọ mi," wọ́n ní, "ẹ̀ẹ̀mejì ni tèmi. Ilé yín dà? N ó wá lọ́jọ́ Wẹ́sidé."