Ojú Tí Ń Wo Àwòrán Ilé

  Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ọ̀rọ̀ ilé ni a gbé wá síwájú yín lónìí. A fẹ́ wádìí ẹni tí ó yẹ kí ó wo iṣẹ́ mọlémọlé kí ènìyàn tó wọ inú ilé sùn, àti bí a ṣe wá fi díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́.

Òfin ilé kíkọ́ kì í ṣe ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ní nǹkan bí ọdún 1750 kí a tó bí Jésù, Hammurabi ọba Bábílónì pa á láṣẹ pé bí ilé bá wó pa onílé, pípa ni kí a pa ẹni tí ó kọ́ ọ. Òfin náà le púpọ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Ìgbà tí òkú bá ti sùn tán ni ìdájọ́ ń dé. Nígbà tí iná ńlá jó ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1666, òfin tí wọ́n ṣe ní 1667 gba ọ̀nà mìíràn. Ó ní bíríkì tàbí òkúta ni kí a máa fi mọ ògiri ìta, ó sọ bí ògiri yóò ti nípọn tó, ó sì ní kí a yan àwọn tí yóò máa lọ wo iṣẹ́ náà. Òfin ti ní ojú wàyí, kò dúró de òkú mọ́.

Ṣùgbọ́n ojú lè wo nǹkan kí ó má rí i. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Singapore. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta ọdún 1986, ilé alájà mẹ́fà kan tí a ń pè ní Hotel New World wó lulẹ̀ ní ojúmọmọ. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, ó ti di òkìtì. Ènìyàn 33 ni ó kú. Ènìyàn 17 ni a yọ láàyè. Ọdún 1971 ni wọ́n parí ilé náà, nítorí náà ó ti dúró fún nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìgbìmọ̀ olùwádìí jókòó, wọ́n tú ìwé ìṣirò palẹ̀, ohun tí wọ́n sì rí bani lẹ́rù. Ẹni tí ó ṣe ìṣirò náà ka ìwọ̀n ènìyàn àti ohun èlò tí yóò wọ inú ilé, ṣùgbọ́n kò ka ìwọ̀n ilé náà fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé àwọn òpó náà dìde ni wọ́n ti ń ru ẹrù tí kò sí nínú ìwé.

Ẹ̀kọ́ tí Singapore kọ́ nínú rẹ̀ ni pé ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1989 sọ pé onímọ̀ ẹ̀rọ mìíràn, tí kò ní ìpín nínú iṣẹ́ náà, ni yóò tún ìṣirò àwọn ilé ńláńlá yẹ̀ wò kí ìjọba tó fọwọ́ sí i.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń ronú lórí irú ojú mìíràn ṣáájú àkókò náà. Ní 1966, Steven Fenves fi hàn pé a lè to àwọn òfin ilé kíkọ́ sínú àtẹ: bí báyìí bá rí báyìí, ṣe báyìí; bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ṣe tọ̀hún. Irú àtẹ bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà lè tẹ̀ lé. Ní 1975, Charles Eastman kọ̀wé pé a lè fi kọ̀ǹpútà rọ́pò àwòrán orí ìwé, ó sì rí i pé àyẹ̀wò òfin lè bá a lọ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ nìyí. Lórí ìwé, ìlà lásán ni ògiri. Ènìyàn ni ó mọ̀ pé ògiri ni. Nínú àwòṣe tí a kọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ògiri ń jẹ́ ògiri, ó ní gíga àti nínípọn, ó mọ ohun tí a fi mọ ọ́n àti yàrá tí ó yí ká. Nítorí náà a lè bi í léèrè: báwo ni àtẹ̀gùn ti fẹ̀ tó? Báwo ni yàrá yìí ti jìnnà tó sí ọ̀nà àbáyọ bí iná bá ṣẹ́?

Singapore ni ó kọ́kọ́ mú èrò yìí di iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò CORENET ní 1995. Nígbà tí ọ̀rúndún yìí bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ePlanCheck jáde láti máa fi òfin wé àwòṣe. Kò rọrùn. A gbọ́dọ̀ kọ òfin kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀rọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí òfin bá sì yí padà, a óò tún un kọ. Bí òfin bá ní kí afẹ́fẹ́ tó bí ó ti yẹ, ènìyàn lè rò ó. Ẹ̀rọ yóò béèrè pé mélòó ni. Bí ayàwòrán-ilé bá sì gbàgbé láti sọ ohun tí a fi ṣe ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ kò ní ohun tí yóò yẹ̀ wò. Síbẹ̀ wọn kò dẹ́kun. Ní 2015, wọ́n sọ ọ́ di dandan láti fi àwòṣe ránṣẹ́ fún ilé titun tí gbogbo ilẹ̀ inú rẹ̀ bá ju 5,000 mítà onígun mẹ́rin lọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ CORENET X ní oṣù kejìlá ọdún 2023.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ǹjẹ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ìbá ti gba àwọn 33 náà là? Kọ̀ǹpútà kì í rẹ̀, kì í sì í fo ìlà. Bí a bá kọ́ ọ láti ka ìwọ̀n ilé, yóò kà á nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi hàn án nìkan ni ó ń rí. Kò mọ̀ bí a bá dín irin kù níbi iṣẹ́, tàbí bí ẹnìkan bá gbé ẹrù ńlá sórí òrùlé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Bí ilé bá sì wó, a kò lè pè é wá rojọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ran ojú wa lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé ni kí a ṣì máa bi léèrè ilé.