Takọtabo: Ìṣẹ̀dá Ọ̀rọ̀ fún Ìwádìí Ìrora Àtọ̀gbẹ Lára Eku

Orúkọ àtọ̀gbẹ kò fún òǹkọ̀wé Yorùbá ní wàhálà, nítorí pé ìtọ̀ tí aláìsàn ń tọ̀ léraléra títí ara rẹ̀ fi ń gbẹ ni orúkọ náà ti sọ tán. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ìrora tí àìsàn yìí ń dá sílẹ̀ nínú ẹsẹ̀ nígbà tí ṣúgà bá ti pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, tí ó sì ti ba àwọn iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ lọ sókè jẹ́. Iṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ́rùn ọ̀rọ̀ náà "iṣan": òun ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, òun ni a fi ń gbé ohun wúwo, òun náà ni ìmọ̀lára ń gbà. Bẹ́ẹ̀ sì ni àtọ̀gbẹ a máa ba iṣan ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá kọ "ìrora iṣan" lásán lè ṣi òǹkàwé lọ́nà. "Iṣan ìmọ̀lára" gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó yanjú jù.

Fún ẹranko tí a mú kí àìsàn èèyàn farahàn lára rẹ̀ kí a lè mọ bí àìsàn náà ṣe ń ṣiṣẹ́, àwọn kan lè sáré mú "àwòkọ́ṣe". Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni àwòkọ́ṣe, eku alátọ̀gbẹ kì í sì í ṣe àwòkọ́ṣe ẹnikẹ́ni. "Ẹranko àwòṣe" ló yẹ ẹ́. Irú eku méjì tí a sì ń lò jù kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ kan náà: ńlá lè jẹ́ èkúté, kékeré lè jẹ́ ẹ̀lírí. Ẹ̀lírí db/db, tí a kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ láti Jackson Laboratory ní ìpínlẹ̀ Maine, Amẹ́ríkà, ní 1966, ní àbùkù àbínibí tí kì í jẹ́ kí ó mọ̀ pé òun ti yó, nítorí náà ó ń jẹun ṣáá, ó ń sanra, àtọ̀gbẹ a sì mú un.

Ohun tí "eku" kò sọ ni bóyá akọ ni tàbí abo, "ó" tí a fi ń rọ́pò rẹ̀ kò sì sọ ọ́. Àwọn onímọ̀ fúnra wọn ti fara pamọ́ sẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: àyẹ̀wò kan tí a tẹ̀ jáde ní 2005 fi hàn pé, nínú ìwádìí orí ẹranko tí jọ́nà Pain gbé jáde láàárín ọdún mẹ́wàá, ó kéré tán ìdá 79 nínú 100 ló jẹ́ pé akọ nìkan ni wọ́n lò. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Streptozotocin, oògùn tí ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè ínsúlínì, kì í tètè ran abo bí ó ṣe ń ran akọ, nítorí pé họ́mónù ẹ́sítírójìn ń dáàbò bo àwọn sẹ́ẹ̀lì náà. Nínú èkúté Zucker alátọ̀gbẹ, akọ ni àìsàn ń mú. Abo kì í ní in àfi bí a bá fi oúnjẹ ọlọ́ràá bọ́ ọ. Lára ẹ̀lírí NOD, tí a ṣàwárí ní Japan, abo ló ń ṣe jù. Nítorí náà, "takọtabo", tí Yorùbá ti ní nílẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ nínú irú ìwé yìí: ibi tí a bá ti lo méjèèjì nìkan ni kí a ti kọ ọ́, kí a sì kọ "akọ èkúté" gbangba níbi tí abo kò sí.

Ẹranko kò lè sọ pé ẹsẹ̀ ń dun òun, ń jó òun tàbí ń ta òun. Olùwádìí a gbé e sórí wáyà oníhò, a dúró kí ara rẹ̀ balẹ̀, a sì ti fọ́nrán náílọ́ọ̀nù gba abẹ́ wáyà kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ títí fọ́nrán náà yóò fi tẹ̀. Bí eku bá já ẹsẹ̀ gbà, tí ó ń lá a, olùwádìí a kọ ìwọ̀n agbára fọ́nrán náà sílẹ̀. Maximilian von Frey, tí ó fi irun ẹṣin ṣe irú rẹ̀ ní Jámánì ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni a fi sọ fọ́nrán náà lórúkọ. Nítorí náà, "ìfàsẹ́yìn ẹsẹ̀" ni olùwádìí rí, kì í ṣe ìrora, ìtumọ̀ tí ó bá sì pa méjèèjì pọ̀ ti sọ ju ohun tí a wọ̀n lọ. Bí ohun tí kì í dunni tẹ́lẹ̀, bí aṣọ ìbora, bá wá ń dunni, "ìrora ìfarakàn" lè jẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí ohun tí ń dunni bá wá dunni ju bí ó ti yẹ lọ, "ìrora alékún" nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń dáàbò bo ara. Ní 2015, àwọn olùwádìí Sorge, Mogil àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ròyìn pé nígbà tí iṣan ìmọ̀lára ẹ̀lírí bá fara pa, màìkíróglíà (sẹ́ẹ̀lì tí ń dáàbò bo ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn) inú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ni ìrora akọ ń gbà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó jọ pé sẹ́ẹ̀lì T ni ti abo ń gbà. Iṣan tí a pa lára ni wọ́n yẹ̀ wò, kì í ṣe àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ló wà níwájú àwọn tí ń wo àtọ̀gbẹ. Bí a bá pe sẹ́ẹ̀lì méjèèjì ní "ọmọ ogun ara", bí ó ti wà lẹ́nu àwọn olùkọ́ni ìlera, àbájáde náà pòórá. "Aṣọ́pọlọ" lè bá màìkíróglíà mu, bí ó tilẹ̀ ń ṣọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn pẹ̀lú. Sẹ́ẹ̀lì T ní tirẹ̀ lè máa jẹ́ sẹ́ẹ̀lì T, nítorí pé thymus, ẹ̀yà ara kékeré ẹ̀yìn eegun àyà níbi tí ó ti ń gbó, ni lẹ́tà náà dúró fún.