Ọwọ́ Nọ́ọ̀sì Ló Bí Ìbọ̀wọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ bi ẹnikẹ́ni pé kí ló dé tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ fi ń wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Wéré ni yóò dá yín lóhùn pé nítorí aláìsàn ni. Lónìí, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, ta ló ro ti aláìsàn?

Láyé ọjọ́un, dókítà òyìnbó a máa wọ kóòtù tí ẹ̀jẹ̀ àná ti gbẹ mọ́ lára wọ tíátà, yóò sì máa fi yangàn. Bí ọgbẹ́ bá ṣọyún, wọ́n á ní afẹ́fẹ́ burúkú ni. Ní 1865, nílùú Glasgow, Joseph Lister fi oògùn carbolic tọ́jú ẹsẹ̀ ọmọdékùnrin ọmọ ọdún 11 kan tí kẹ̀kẹ́ ẹrù gùn, tí egungun rẹ̀ dá. Ẹsẹ̀ náà jinná, wọn ò gé e. Díẹ̀díẹ̀ ni oògùn apakòkòrò fi di ohun tí wọ́n ń lò káàkiri, ó sì dé Amẹ́ríkà.

Àmọ́ oògùn tó ń pa kòkòrò kì í ṣàánú awọ èèyàn. Ní 1889 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore. William Halsted ni ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ níbẹ̀, Caroline Hampton sì ni olórí nọ́ọ̀sì tíátà rẹ̀. Omi oògùn tí wọ́n fi mákúrì ṣe ni wọ́n ń rì ọwọ́ bọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí awọ apá àti ọwọ́ Caroline fi dàrú. Halsted ní nọ́ọ̀sì náà já fáfá, òun ò fẹ́ pàdánù rẹ̀. (Ẹ̀yin náà ẹ fọkàn sí i, ẹ ó rí ìdí mìíràn.) Ló bá ní kí ilé iṣẹ́ Goodyear Rubber bá òun ṣe ìbọ̀wọ́ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ara tu ọmọge. Nígbà tó di oṣù kẹfà 1890, wọ́n ti di tọkọtaya!

Ibi tó ká mi lára nìyí o. Àwọn tó ń gbé irinṣẹ́ fún dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìbọ̀wọ́. Ó mọ́ wọn lára débi pé wọ́n ní ọwọ́ àwọn kì í já gaara mọ́ bí àwọn ò bá wọ̀ ọ́. Ọ̀gá tó ń ki ọwọ́ bọ inú èèyàn ńkọ́? Ọwọ́ lásán ló sábà máa ń lò! Ìgbà tó di 1896 ni Joseph Bloodgood, ọ̀kan nínú àwọn dókítà abẹ́ Halsted, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ fún gbogbo iṣẹ́ abẹ rẹ̀. Ní 1899, ó tẹ ìwádìí jáde lórí iṣẹ́ abẹ ìpá tó lé ní 400: àwọn tí wọ́n fi ìbọ̀wọ́ ṣe, ọgbẹ́ tó ṣọyún nínú wọn kéré jọjọ sí ti ọlọ́wọ́ lásán.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Bí ọdún mẹ́fà ni ìbọ̀wọ́ fi wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú aláìsàn. Nígbà tí Halsted dàgbà, òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ya òun lẹ́nu bí ojú àwọn ṣe fọ́ tó bẹ́ẹ̀. Caroline ti kúrò ní tíátà tipẹ́ nígbà náà.