Ìfìdímúlẹ̀ Sípíkà

Ìfìdímúlẹ̀ sípíkà ni gbogbo ọgbọ́n tí à ń dá kí àpótí sípíkà inú ilé má baà máa mì nígbà tí orin bá ń lọ. Bí òòfà inú sípíkà ṣe ń ta awọ rẹ̀ (páálí tàbí ike ni) síwájú, bẹ́ẹ̀ ni awọ náà ń ta òòfà àti àpótí padà sẹ́yìn. Òfin tí Isaac Newton tẹ̀ jáde ní 1687 nìyẹn.

Ìtapadà yìí kéré, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní awọ béèsì wọ̀n gíráàmù 15, tí àpótí sì wọ̀n kílò 7.5, ìlọ́po 500. Bí awọ bá rìn ní mìlímítà kan, tí ohunkóhun kò sì di àpótí mú, àpótí á rìn ní ìdá kan péré tí a bá pín mìlímítà náà sí 500. Ojú kò lè rí i. Ṣùgbọ́n inú àpótí kan náà ni sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn tín-ín-rín jáde wà, ìrìn tirẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ni ohùn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bá gun ẹ̀yìn béèsì, ó di jàgídíjàgan.

Èyí tó burú jù ni kí àpótí máa fì. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń gbé sípíkà lé ẹsẹ̀ mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọdé lè tètè tì í ṣubú. Ẹ fi ìka kan ti igun òkè àpótí wò. Bó bá mì, ẹ má tíì náwó sórí wáyà.

Ẹsẹ̀ onírin ṣóńṣó wọ́pọ̀ gan-an. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gún kápẹ́ẹ̀tì dé ilẹ̀ gidi. Àwọn tó ń tà á a máa ní ó ń lé ìmì jáde, kò sì ní jẹ́ kó padà wọlé. Ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ibi tó gbà jáde ló lè gbà wọlé. Ó dára lórí kọ̀ǹkéré, ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ onípákó tó ṣófo lábẹ́, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ á di ìlù. Rọ́bà tàbí sípíríǹgì ló yẹ ibẹ̀, bí agbára rẹ̀ bá bá ìwúwo àpótí mu. Èyí tí ìmì tirẹ̀ bá bọ́ sáàárín béèsì yóò fi kún wàhálà ni.

Àpótí sípíkà kékeré bíi LS3/5A, tí BBC ṣe àgbékalẹ̀ rẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1979 fún ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ètò jáde láti ìta, nílò ìdúró bíi sẹ̀ǹtímítà 60 kí ohùn tín-ín-rín lè bá etí ẹni tó jókòó dọ́gba. Bí páìpù ìdúró náà bá ṣófo, ẹ kàn án, á dún gbọ̀ọ̀n bí agogo. Ẹ rọ iyanrìn gbígbẹ sí i, kù ni yóò máa dún. Blu-Tack (àtè rírọ̀ kan) tó tó kóró ẹ̀wà lábẹ́ igun kọ̀ọ̀kan ti tó láti di àpótí mú. Bí a bá fẹ́ gbé e kúrò, ṣe ni à ń rọra lọ́ ọ, a kì í já a sókè, kó má baà bó ojú pákó.