Ọ̀rọ̀ náà "Doubt" àti Iyèméjì Wa

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọ́ ọmọdé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò ti ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ náà "doubt" ní ìṣòro méjì. Èkíní wà ní ẹnu: ọmọ rí lẹ́tà b, ó sì fẹ́ pè é. Èkejì wà nínú ìtumọ̀ rẹ̀, òun ni ó sì le jù. Ní Tanke níbí, ní ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Yunifásítì Ìlọrin tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, èdè méjèèjì ń bá ara wọn rìn lójoojúmọ́, a sì máa ń gbọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wí pé "I doubt it" nígbà tí ohun tí ó wà ní ọkàn rẹ̀ jẹ́ pé òun kò tíì pinnu. Gẹ̀ẹ́sì kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba ọ̀rọ̀ yìí. "Doute" ni wọ́n ń kọ ọ́ nígbà náà, kò sì sí b nínú rẹ̀. Àwọn Faransé rí i gbà láti inú Látìnì, níbi tí "dubitare" ti jẹ́ ìbátan "duo", èyí tí í ṣe èjì. Nígbà tí ẹ̀kọ́ Látìnì tún gbilẹ̀ ní England, àwọn ọ̀mọ̀wé fi b sí i nínú ìwé kí ènìyàn lè rí baba ńlá ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹnu ará ìlú kọ̀ ọ́. Shakespeare fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́: nínú eré rẹ̀, Love's Labour's Lost, tí a tẹ̀ ní ọdún 1598, olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Holofernes ń bínú sí àwọn tí kò pe b náà. Kí ọmọ ilé-ìwé tí ó bá pè é má ṣe sọkún. Olùkọ́ ti ṣe é ṣáájú rẹ̀.

Ní ayé àtijọ́ ẹ̀rù wà nínú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Àwọn ará Scotland kò tíì jọ̀wọ́ ìlò yìí: bí ọ̀kan nínú wọn bá wí pé òun "doubt" pé òjò yóò rọ̀, ó ń wí pé òun ń fòyà pé yóò rọ̀. Ará London tí ó sọ gbólóhùn kan náà ń wí pé òun kò rò pé yóò rọ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ kan ti mú ẹnìkan gbé agbòjò, tí ó sì mú ẹnìkejì fi tirẹ̀ sílẹ̀ sí ilé! Ti London ni ó wà nínú ìwé tí a fi ń kọ́ni, nítorí náà "I doubt it" kì í ṣe "n kò tíì mọ èyí tí n óò mú", bí kò ṣe "n kò gbà bẹ́ẹ̀, bí n kò tilẹ̀ lè búra."

Tiwa ńkọ́? Iyè ni ọkàn tí a fi ń rántí, tí a sì fi ń mòye. Òun ni a ń dárúkọ nígbà tí a bá wí pé wọ́n ra ènìyàn níyè. (Kí a má ṣe dà á pọ̀ mọ́ ìyè, èyí tí kì í jẹ́ kí a kú, tàbí iye, èyí tí a fi ń ka nǹkan, níbi tí ìwé kò bá ti ní àmì ohùn, bákan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí.) Ẹni tí iyè rẹ̀ di méjì dúró ní oríta: kò kọ̀, kò sì gbà. Ó jọ wá lójú pé Yorùbá ka èjì níhìn-ín gẹ́gẹ́ bí Látìnì ti kà á, àti gẹ́gẹ́ bí àwọn Jámánì ti kà á nínú "Zweifel" tiwọn.

Ọ̀rọ̀ yìí wúlò fún àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì. Aṣíwájú wọn ni Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí a kó lẹ́rú ní ọdún 1821, tí ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Odindi Bíbélì parí ní 1884. Níbi tí Peteru ti ń rì nínú omi, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Matteu lò, distazo, ní "ẹ̀ẹ̀mejì" nínú, iyèméjì wa sì bá a mu rẹ́gí. Ti Tomasi yàtọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi "doubt" sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n àìgbàgbọ́ ni Johannu kọ. Orúkọ ọkùnrin náà gan-an ni èjì wà, nítorí ìbejì ni Tomasi túmọ̀ sí.

Ní ọdún 1872 Crowther gba Ìlọrin kọjá nígbà tí ó ń ti Lokoja bọ̀ ní Èkó, ó sì fi Ìwé Mímọ́ ní èdè Yorùbá dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bi í ní ààfin Emir. Yorùbá tí ó kà fún wọn ti gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti inú Lárúbáwá: àdúrà, àlàáfíà, ìwàásù. Iyèméjì kò sí lára ohun tí a yá. Àwọn onímọ̀ òfin Mùsùlùmí ní ọ̀rọ̀ tiwọn, shubha, tí kò ka èjì rárá. Ìjọra ni ó wà nínú rẹ̀, pé ohun kan jọ òmíràn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi lè ṣì í. Níbi tí shubha bá wà, òfin wọn kò jẹ́ kí ìyà ńlá tí a là sílẹ̀ ṣubú lé ènìyàn lórí. Penal Code dé sí ilẹ̀ Àríwá ní ọdún 1960, ó sì gba ipò òfin yìí nínú ẹjọ́ ọ̀daràn.

Ilé-ẹjọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn dé ibẹ̀. Ní ọdún 1935 a dá ẹjọ́ ikú fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Reginald Woolmington, pé ó pa ìyàwó rẹ̀. Adájọ́ ti sọ fún àwọn ìgbìmọ̀ pé òun ni kí ó fi hàn pé èèṣì ni ìbọn náà. Ilé Àwọn Olóyè ní London tú u sílẹ̀: ìjọba ni ó gbọ́dọ̀ fi ìdí ẹ̀ṣẹ̀ múlẹ̀, "doubt" sì jẹ́ ti ẹlẹ́jọ́. Evidence Act ti Nàìjíríà ní ọdún 2011, ní abala 135, di ohun kan náà mú, ó sì béèrè ẹ̀rí tí ó kọjá "reasonable doubt".

Níbí ni ògbufọ̀ ilé-ẹjọ́ ti ní láti ṣọ́ra. Bí ó bá wí pé "láìsí iyèméjì kankan", ó ti béèrè ju ohun tí òfin béèrè, nítorí kò sí ẹjọ́ tí alátakò kò lè rí iyèméjì ṣe nínú rẹ̀. Bí ó bá sì wí pé "láìsí àní-àní", ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ń fọ́nnu ní ọjà pẹ̀lú máa ń lò ni ó mú. Àwa yóò wí pé "iyèméjì tí ó nídìí", a ó sì ní kí àwọn ọmọ ilé-ìwé kọ ọ́ sí etí ìwé wọn.