Ìgbàgbọ́ nínú Ọjọ́ Ìdájọ́ àti Àjàkálẹ̀ Àrùn Ọdún 1918 ní Ìjẹ̀bú-Òde

1.0 Ìfáàrà
Kí ẹ̀sìn Kírísítì tó dé ni Yorùbá ti gbà pé ẹjọ́ ń bẹ lọ́run. Adákẹ́dájọ́ ni oríkì Olódùmarè. Ìwà oníkálùkù ni yóò sì gbé e dé ọ̀run rere tàbí ọ̀run àpáàdì. Ohun tí àwọn míṣọ́nnárì fi kún un ni ọjọ́ kan ṣoṣo tí alààyè àti òkú yóò jọ jẹ́jọ́. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 ló sún ọjọ́ náà mọ́ àwọn onígbàgbọ́ Ìjẹ̀bú-Òde.

2.0 Bí ẹ̀kọ́ náà ṣe wọlé
Ìjẹ̀bú kò gba míṣọ́nnárì láyè títí Gẹ̀ẹ́sì fi ṣẹ́gun wọn ní Ìmàgbọn ní oṣù Karùn-ún, ọdún 1892. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí. Odidi Bíbélì Yorùbá ti wà láti ọdún 1884. Àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà sì ń jẹ́wọ́ nínú ìsìn pé Kírísítì ń bọ̀ wá ṣèdájọ́.

3.0 Ọdún 1918
Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1918, àrùn ìfulúẹ́ńsà dé Èkó, ó sì tàn dé ìgbèríko. Ní ìjọ St. Saviour, Ìjẹ̀bú-Òde, Joseph Ṣàdáre àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbàdúrà pọ̀. Sophia Ọdúnlámì, tí ó jẹ́ olùkọ́, dara pọ̀ mọ́ wọn. Ó ní a fi hàn òun pé omi òjò ni ìwòsàn. Báyìí ni Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ṣe gbèrú. Wọ́n kọ oògùn ìbílẹ̀ àti ti òyìnbó. Wọ́n tún kọ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́. Èyí dá aáwọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà ní ọdún 1922. Nínú gbòǹgbò yìí ni ìjọ CAC ti hù.

4.0 Àgbéyẹ̀wò
Ní ojú tiwa, ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ló so kíkọ̀ méjèèjì pọ̀. Bí oníkálùkù yóò bá jíhìn fúnra rẹ̀, ta ni yóò gba ìgbàgbọ́ fún ọmọ ọwọ́? Bí ikú bá sì wà lọ́wọ́ Onídàájọ́, kí ni oògùn fẹ́ ṣe? Ìbéèrè kìn-ín-ní lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èkejì léwu: ọmọ tí a kò fún lóògùn kọ́ ló yan ìgbàgbọ́ náà.

5.0 Àgbálọgbábọ̀
Kí olùkọ́ tí yóò kọ́ni ní ìtàn yìí má ṣe fi àwọn ènìyàn náà ṣẹ̀sín, kí ó má sì ṣe bo ewu inú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀rù ikú ló bá wọn; àdúrà ni wọ́n fi dá a lóhùn.