Ayétòrò Ti Ṣe É Rí

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí mo bá ní Yorùbá ni mò ń kà, ẹ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín: "Ṣé Yorùbá ló máa ṣe kọ̀ǹpútà?" Ìtàn ni màá fi dá yín lóhùn.

Lọ́dún 1963, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá Comprehensive High School sílẹ̀ ní Ayétòrò, nílẹ̀ Yewa wa níbí. Ìjọba Amẹ́ríkà àti Yunifásítì Harvard bá wọn dá sí i. Ọmọ tó ń ka ìwé níbẹ̀ náà ló ń lo ayùn, tó ń roko, tó ń kọ́ ìṣòwò. Ilé-ìwé ló tọ ọmọ oko wá. Kò jókòó dè é l'Ékòó.

Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ èyí tó kù: ọdún mẹ́fà gbáko ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọn ò kẹ́yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, wọ́n fagi lé e.

Ṣé ká wá káwọ́ gbera? Báwọn ìyá wa bá rẹ ẹ̀gẹ́ fún làfún, májèlé inú rẹ̀ ló ń dín kù. Sáyẹ́ǹsì nìyẹn. Ta ló máa là á yé àwọn ọmọ Ìlaròó? Èmi akéwì, àti ìwọ tó ń ka físíìsì. Bó bá di họlidé, ẹ jẹ́ ká jọ lọ.